Owó Ínṣì Kan

Kò sí ẹni tó ń ta wéfà, àwo tí wọ́n ti ń gé ṣíìpù inú fóònù àti kọ̀ǹpútà jáde, ní Computer Village. Ẹ rìn láti ẹnu Ọ̀tígbà dé Ọlá-Ayẹ̀ní, ẹ yà sí Pepple, ẹ máa béèrè títí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ti ṣọ́ọ̀bù. Fóònù wà, kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ wà, bátìrì wà, RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) àti SSD (ibi tó ń tọ́jú fáìlì sí) wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Wéfà nìkan ni ẹ ò ní rí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí kò bá sí wéfà, gbogbo àdúgbò yìí ì bá ti wá nǹkan mìíràn tà.

RAM àti SSD ni òwò tèmi ní Ìkẹjà. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìṣirò owó àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní ìpìlẹ̀ pátápátá òwò náà, àwọn tó ń ṣe wéfà. Ohun tó mú mi kọ èyí ni pé àwọn ọ̀dọ́ tó yí mi ká ti ń fi fóònù wọn ra ṣíà ilé-iṣẹ́ ṣíìpù. Inú mi dùn sí i. Ọmọ tó bá fi díẹ̀ pamọ́ nínú owó oṣù rẹ̀ láti ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ gidi, ó yàtọ̀ sí ẹni tó ń gbé owó rẹ̀ fún àwọn oníjìbìtì tó ń ṣèlérí ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan. Ṣùgbọ́n èmi rò pé ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ wọn kò wò, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe wéfà ló sì ti hàn kedere jù.

Kí ni wéfà gan-an? Àwo róbótó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi sílíkọ́nì ṣe ni, ó ń dán débi pé èèyàn lè wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó gba iwájú lónìí fẹ̀ ní mìlímítà 300 láti etí kan dé èkejì, kò sì nípọn tó mìlímítà kan; máíkírómítà 775 péré ni. Orí rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ṣíìpù máa ń ya àwòrán wáyà tín-ín-tìn-ìn-tín sí, kí wọ́n tó gé e sí wẹ́wẹ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ṣíìpù RAM ló ń jáde lára àwo kan ṣoṣo.

Ìṣe rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Òkúta quartz ni wọ́n ti ń yọ sílíkọ́nì, wọ́n á wá fọ̀ ọ́ mọ́ títí ìdọ̀tí inú rẹ̀ kò fi ní tó ẹyọ kan nínú bílíọ̀nù kan. Wọ́n á kó o sínú ìkòkò quartz, wọ́n á fi iná sí i títí yóò fi yọ́, ìyẹn sì di ìwọ̀n ooru 1,414 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Wọ́n á wá ki ẹyọ sílíkọ́nì kékeré kan tó ti dì dáadáa bọ ojú rẹ̀, wọ́n á máa yí i, wọ́n á máa fà á sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èyí tó yọ́ á máa lẹ̀ mọ́ èyí tó ti dì, átọ́ọ̀mù rẹ̀ á máa to tẹ̀lé ti àkọ́kọ́ láìyà sọ́tùn-ún tàbí sósì, títí tí òpó ńlá kan yóò fi jáde nínú ìkòkò. Jan Czochralski, ọmọ ilẹ̀ Poland, ló ṣàwárí ọgbọ́n yìí ní 1916, òun náà ni wọ́n ṣì ń lò. Bí òpó bá tutù, wọ́n á fi wáyà gé e sí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á dán an, wọ́n á fọ̀ ọ́. Bí átọ́ọ̀mù bá ṣẹ́ ìlà níbì kan lára òpó yẹn, apá ibẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ilé-iṣẹ́ márùn-ún ló pín èyí tó pọ̀ jù nínú òwò yìí láàárín ara wọn: Shin-Etsu àti SUMCO ní Japan, GlobalWafers ní Taiwan, Siltronic ní Jámánì, àti SK Siltron ní Korea. Àwọn kéékèèké wà, àwọn ará Ṣáínà sì ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n àwọn márùn-ún yìí ni àwọn tó ń ṣe ṣíìpù ńláńlá ń bá dòwò.

Ọmọkùnrin kan tó ń bá mi ṣiṣẹ́ gbé fóònù rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tí ọjà ti rọlẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo èyí. Ilé-iṣẹ́ márùn-ún péré ló ń ṣe é, AI ò sì ṣeé ṣe láìsí wọn. Ṣé kí n má kó gbogbo owó mi síbẹ̀?”

Mo ní, “Òótọ́ lo kà. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ẹ pé ohun tí ayé ò lè ṣaláìní, ẹni tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ lówó?”

Ó ní kò yé òun. Mo mú ọ̀pá RAM kan nínú àpótí, mo ní kó ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára bébà rẹ̀.

Ẹni tó bá ń ta RAM mọ nọ́ńbà yìí. Lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ RAM, àti lórí ara àwọn ṣíìpù dúdú fúnra wọn nígbà míràn, nọ́ńbà mẹ́rin máa ń wà níbẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọdún, méjì tó tẹ̀ lé e ni ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá rí 2231, ọ̀sẹ̀ 31 nínú ọdún 2022 ni wọ́n ṣe é. Àwọn oníbàárà kì í wò ó. Èmi kì í gba ọjà láìwò ó, nítorí pé ó ń sọ bí ọjà náà ṣe pẹ́ tó nínú ilé ìkẹ́rùsí kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Nígbà ọ̀wọ́n, ọjà tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò pọ̀ ló ń dé Ìkẹjà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni wọ́n ń kó o jáde. Nígbà tí ọjà bá ti pọ̀ jù, ẹ óò máa rí èyí tó ti lé ní ọdún kan tí wọ́n ti ṣe é, tí wọ́n ń tà á bí ẹni tó fẹ́ kó ẹrù kúrò nílé. Èyí tí ọmọ náà mú lọ́wọ́ jẹ́ ti àárín 2022, bẹ́ẹ̀ ọdún 2023 ti fẹ́ẹ̀ parí nígbà tí ọjà náà kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa.

Mo ní kó ro ó wò. Bí RAM bá ti ń sùn nínú ilé ìkẹ́rùsí fún ọdún kan, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe RAM ò ní í ṣe tuntun púpọ̀. Bí wọn ò bá ṣe tuntun, wéfà tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ò ní í tán. Ilé-iṣẹ́ ṣíìpù kì í jẹ́ kí wéfà tán nílẹ̀, torí pé bí ẹ̀rọ wọn bá dúró fún wákàtí kan, owó ńlá ló ń bá a lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń kó o jọ. Nígbà tí òwò bá le, inú èyí tí wọ́n kó jọ ni wọ́n á ti máa bù lò. Àwa ní Ìkẹjà lè rí i pé ọjà dín díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ṣíìpù á rí i pé ó dín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó bá máa fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fa òpó sílíkọ́nì jáde nínú iná, oníbàárà rẹ̀ ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì kó ọjà wá.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Alhaja, ta léèsì ní Gútà, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, láti ìgbà ayé Gowon títí ara rẹ̀ kò fi gba òwò mọ́. Lustenau, ìlú kékeré kan ní Austria, ni ọ̀pọ̀ léèsì tí wọ́n ń wọ̀ lóde ìnáwó Èkó ti ń wá nígbà náà. Owó epo wà nílùú, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni aṣọ ẹbí. Alhaja máa ń ṣàlàyé bí ó ṣe ń rí. Bí oníbàárà mẹ́wàá bá béèrè àwọ̀ kan, ó lè kọ̀wé béèrè ogún, nítorí ó ń bẹ̀rù kí ọjà má tán mọ́ òun lọ́wọ́. Ẹni tó ń bá a kó o wọlé náà á rò pé ogún yìí ò ní í tó, á fi kún un. Nígbà tí ìwé máa fi dé Austria, ó ti dà bíi pé gbogbo obìnrin Èkó fẹ́ wọ àwọ̀ yẹn. Onílé-iṣẹ́ á lọ ra ẹ̀rọ iṣẹ́-ọnà tuntun, ẹni tó ń ta òwú fún un náà á ra tirẹ̀. Nígbà tí owó epo já ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn èèyàn ò ṣíwọ́ àtimáa ṣe ìnáwó o. Wọ́n kàn dín in kù ni. Ṣùgbọ́n Alhaja ní léèsì tó kún ilé, kò sì kọ̀wé béèrè ẹyọ kan mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ìdínkù díẹ̀ lójú agbo ìnáwó di òfo lójú ẹni tó ń ta òwú. Ibi tí ẹni tó ń ta òwú wà nínú òwò léèsì, ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe wéfà wà nínú òwò ṣíìpù.

SEMI, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè ẹ̀rọ àti èròjà fún òwò ṣíìpù, máa ń gbé iye wéfà tí gbogbo ayé rà jáde lọ́dọọdún. Ínṣì onígun mẹ́rin ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, bí àwọn tó ń ta ilẹ̀ ṣe ń ka ilẹ̀. Ní 2000, ó jẹ́ mílíọ̀nù 5,551. Ní 2001, lẹ́yìn tí òwò íntánẹ́ẹ̀tì wó lulẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó já sí 3,940. Ìdá 29 nínú 100 ló lọ láàárín ọdún kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tó sọ pé ayé ò nílò ṣíìpù mọ́ ní 2001.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti 2007 sí 2016. Ní 2007, ayé ra ínṣì mílíọ̀nù 8,661, owó tó wọlé sì jẹ́ bílíọ̀nù 12.1 dọ́là. Ẹ pín in, ẹ óò rí i pé ínṣì kan jẹ́ bíi dọ́là 1.40. Ní 2016, iye tí wọ́n rà ti lé sí mílíọ̀nù 10,738. Fóònù olójú pẹlẹbẹ ti gba gbogbo ayé láàárín ìgbà yẹn, àwa náà ti kúrò ní ká máa ta Nokia oníbọ́tìnnì, a ti ń ta Samsung àti Tecno. Ṣùgbọ́n owó tó wọlé já sí bílíọ̀nù 7.2. Ínṣì kan ti di sẹ́ǹtì 67. Wọ́n ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n tà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, owó ọjà wọn sì já ju ìdajì lọ. Ẹni tó bá ra ṣíà wọn ní 2007 nítorí pé ó rí i pé fóònù ń bọ̀, ohun tó rí tọ̀nà pátápátá, owó rẹ̀ sì tún lọ.

Kí ló fà á? Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tuntun ni. Nígbà tí owó ínṣì wà lókè, gbogbo wọn ló kọ́ ilé wéfà 300. Kó tó parí, ọrọ̀ ajé ayé wó ní 2008. Láàárín 2008 sí 2009, iye ínṣì tí wọ́n tà dín ní bíi ìdá 18 nínú 100, owó tó wọlé sì dín ní ìdá 41. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì yẹn dáadáa. Àlàfo yẹn ni ti àwọn tó ń bẹ oníbàárà pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n rà, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó, nítorí iná ìkòkò àti gbèsè ilé kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Iná oòrùn náà tún dá kún un. Sílíkọ́nì ni wọ́n fi ń ṣe páànù sólà, owó sílíkọ́nì tí wọn ò tíì fà lé kọjá 400 dọ́là fún kílò kan lójú ọjà ní 2008, gbogbo ayé sì rò pé wúrà tuntun ti dé. MEMC, ilé-iṣẹ́ wéfà ti Amẹ́ríkà, tí Monsanto dá sílẹ̀ ní 1959, kó ara rẹ̀ lé sólà, ó ra ilé-iṣẹ́ SunEdison ní 2009, ó sì gba orúkọ rẹ̀ ní 2013. Ó ya apá wéfà ṣíìpù sọ́tọ̀ ní 2014. Ní oṣù kẹrin 2016, SunEdison lọ sílé ẹjọ́ láti sọ pé òun ò lè san gbèsè. SUMCO ti tètè kúrò nínú wéfà sólà ní 2012, àdánù ńlá ló sì fi kúrò.

Nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, tí ínṣì kan jẹ́ sẹ́ǹtì 67, ta ló ń rà? GlobalWafers ni. Ní 2016 ó san mílíọ̀nù 683 dọ́là, pẹ̀lú gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó gba apá wéfà tí MEMC yà sọ́tọ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ kan wọ àárín àwọn àgbà. Ní oṣù kìíní 2017, SK náà kéde pé òun fẹ́ gba Siltron lọ́wọ́ LG. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, nígbà tí kò sí ẹni tó ti kọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun fún ìgbà pípẹ́, wéfà wọ́n. Ní 2018, ínṣì kan ti padà sí bíi sẹ́ǹtì 90. Ṣíà Siltronic, tí wọ́n kọ́kọ́ tà fún aráàlú ní 30 yúrò ní oṣù kẹfà 2015, tó sì ti lọ sísàlẹ̀ 20 ní 2016, ti kọjá 100 ní 2018. Láàárín 2016, kò sí ìròyìn rere kankan nípa wéfà. Ìwé ìṣirò owó wọn ń bani nínú jẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ náà sọ fún mi pé òun rí ilé-iṣẹ́ kan tí ṣíà rẹ̀ pọ́ọ́kú, pé èrè ọdún mẹ́fà péré ti tó láti dá owó tí òun máa fi rà á padà, mo ní kó ṣọ́ra gidi. Nínú òwò báyìí, ìgbà tí èrè bá pọ̀ jù ni ṣíà máa ń dà bí ohun tó pọ́ọ́kú, torí pé èrè òkè téńté ló fi ń ṣírò. Bí ó bá jẹ́ pé àdánù ni wọ́n ń jẹ, ìṣirò yẹn kò tilẹ̀ ní í ṣeé ṣe. Èmi kì í wo èrè ọdún kan. Mò ń wo owó ínṣì kan, mò ń wo gbèsè, mò ń wo àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́.

Ilé tí wọ́n ń kọ́ ló ṣòroó fojú fo. Láàárín 2020 sí 2022, nígbà tí Kòrónà mú kí ṣíìpù wọ́n, tí mọ́tò ò ṣeé ṣe parí nítorí ṣíìpù tí kò tó dọ́là mélòó kan, gbogbo oníbàárà sáré lọ bá àwọn márùn-ún yìí. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ọlọ́jọ́ pípẹ́, àwọn kan san àsansílẹ̀. GlobalWafers fẹ́ ra Siltronic pátápátá, ó ní òun máa san 145 yúrò lórí ṣíà kan, ṣùgbọ́n ìjọba Jámánì kò fọwọ́ sí i títí gbèdéke fi kọjá ní ọjọ́ 31, oṣù kìíní, 2022. Ó wá gbé owó náà lọ síbòmíràn; lára ohun tó fi ṣe ni ilé-iṣẹ́ ńlá ní Sherman, Texas, tó ṣí ní 2025. Siltronic náà kọ́ tirẹ̀ sí Singapore ní nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì yúrò, wọ́n ṣí i ní oṣù kẹfà 2024.

Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣí i. Ní 2022 ayé ra ínṣì mílíọ̀nù 14,713, ó ju ti ọdún èyíkéyìí tó ṣáájú lọ. Ní 2023 ó já sí 12,602, ní 2024 ó tún já sí 12,266. Ìgbà tí ọjà já gan-an ni ilé tuntun dé, pẹ̀lú owó iná, owó òṣìṣẹ́ àti owó ẹ̀rọ tó ń gbó nínú ìwé. Siltronic tó pín èrè yúrò 3 lórí ṣíà kan fún ọdún 2022, 1.20 ló pín fún 2023, 0.20 ló pín fún 2024. Ní oṣù kẹrin 2025, ṣíà tí GlobalWafers fẹ́ rà ní 145 yẹn wà lábẹ́ 45. Mi ò fi èyí bú wọn. Ilé-iṣẹ́ wéfà gba ọdún méjì sí mẹ́ta kó tó dúró. Ẹni tó bá dúró de ìgbà tí ọjà dára tán kó tó kọ́lé, ó ti pẹ́.

Shin-Etsu ni mo máa ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá bi mí pé ta ló lè fara da á. Òun ló tóbi jù nínú àwọn márùn-ún, síbẹ̀ wéfà nìkan kọ́ ló ń tà. Ó ń ṣe PVC, èyí tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sì jẹ́ àgbà nídìí rẹ̀. Chihiro Kanagawa tó darí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí tó fi kú ní 2023, kì í fẹ́ràn gbèsè, owó tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà sì pọ̀ gan-an. Nígbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ Japan ti oṣù kẹta 2011 da iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wéfà rẹ̀ ní Shirakawa, Fukushima, dúró, ó tún un ṣe, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹni tí kò jẹ gbèsè lè dúró de ọjà. Ṣíà rẹ̀ kì í fò bíi ti Siltronic, èmi sì fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

A mọ̀ nípa gbèsè dáadáa lÉkòó. Ní oṣù kẹta 2008, òṣùwọ̀n gbogbo ṣíà ní Customs Street, níbi ọjà ìpín Nàìjíríà, ti kọjá 66,000. Kó tó di àárín ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ti kéré sí 22,000 rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Èkó yìí ló yá owó ní báńkì láti fi ra ṣíà báńkì. Àwọn tó fi owó ara wọn rà, tí wọ́n sì yan èyí tó dára, rí lára owó wọn gbà padà lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Àwọn tó yá a kò ní àyè láti dúró. Báńkì ti ta ìpín wọn ní owó tó kéré jù. Nínú òwò wéfà, tó lè ṣàìsàn fún ọdún mẹ́jọ gbáko, owó ẹ̀yá kò ní í jẹ́ kí èèyàn rí ìlera rẹ̀.

Náírà tún ń da ojú wa rú. Kí ìjọba tó dá náírà sílẹ̀ lójú ọjà ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó náírà 500 ní owó ìjọba. Nígbà tó fi di oṣù kẹta 2024, ó ti kọjá 1,500 rí. Ẹni tí ṣíà rẹ̀ já sí ìdajì ní dọ́là láàárín ìgbà yẹn ṣì lè ṣí áàpù rẹ̀, kó rí i pé náírà òun pọ̀ sí i, kó máa dúpẹ́. Kò jèrè nínú wéfà. Owó wa ló dínkù. Mo máa ń sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n kọ iye tí wọ́n fi rà á sílẹ̀ ní owó ìlú tí ilé-iṣẹ́ náà wà, kí wọ́n sì fi náírà sílẹ̀ fún ìṣirò oúnjẹ.

Ohun mìíràn ni pé ṣíà Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù lórí àwọn áàpù tí à ń lò níbí. Tokyo ni wọ́n ti ń ta Shin-Etsu àti SUMCO, Frankfurt ni ti Siltronic, Taiwan ni ti GlobalWafers, SK Siltron ò sì sí lójú ọjà rárá. Ó gba kí èèyàn lo alágbàtà tó ní ìwé àṣẹ, kó sì san owó iṣẹ́ tó pọ̀ díẹ̀. Èmi kò ka ìyẹn sí ìdènà burúkú. Ó ń jẹ́ kí èèyàn rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Láti ìparí 2025 ni owó RAM ti ń fò lójú wa. Àwọn tó ń ṣe é ti yí ẹ̀rọ wọn sí RAM tí AI ń lò. Micron, ọ̀kan nínú wọn, tilẹ̀ kéde ní oṣù kejìlá 2025 pé òun máa dáwọ́ Crucial dúró, orúkọ tó wà lára RAM àti SSD rẹ̀ tí àwa ń tà fún aráàlú. Iye tí mo fi ń ta ọ̀pá kan láàárọ̀ kì í ṣe iye tí mo fi ń rà á lálẹ́ mọ́. Ọmọ náà tún wá bá mi. “Ẹ̀gbọ́n, RAM ti wọ́n o. Wéfà náà á ti wọ́n nìyẹn, àbí?”

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ṣe RAM ni kò tó, kì í ṣe wéfà. Wéfà 300 tó dára jù ti ń rìn, ṣùgbọ́n àwọn tó kéré, tí mọ́tò àti ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ń lò, ṣì ń ṣòjòjò, ilé tuntun tí wọ́n kọ́ kò sì tíì kún. Ọ̀wọ́n tó wà ní Ìkẹjà lónìí lè gba ìgbà pípẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fa òpó, ó sì lè má dé ibẹ̀ rárá bí ilé ìkẹ́rùsí bá ṣì kún.

Síbẹ̀, ohun kan wà nínú nọ́ńbà yìí tí mi ò rí irú rẹ̀ rí nígbà ìṣubú, òun ni kò jẹ́ kí n gbé ojú kúrò. Láàárín 2022 sí 2024, ínṣì tí ayé rà dín ní bíi ìdá 17 nínú 100, owó tó wọlé náà sì dín láti bílíọ̀nù 13.8 sí 11.5, ìdá 17 kan náà. Owó ínṣì kan kò yẹ̀: bíi sẹ́ǹtì 94 ni ní 2022, bíi sẹ́ǹtì 94 ni ní 2024. Ní 2009, ọjà dín díẹ̀, owó já gbàgà. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn àdéhùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ yẹn ló di owó mú. Àwọn oníbàárà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má tíì kó ọjà wá, wọ́n gbà fún wọn láti sún un síwájú, ṣùgbọ́n wọn ò gbà kí owó rẹ̀ já.

Àwọn àdéhùn náà yóò máa parí lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín ọdún mélòó kan sí i. Oníbàárà tí ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ kún yóò jókòó ti ẹni tí ilé-iṣẹ́ tuntun rẹ̀ kò kún, wọn yóò kọ nọ́ńbà tuntun. Bí ìwé ìṣirò ti oṣù mẹ́ta-mẹ́ta bá ń jáde lọ́wọ́, ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣí. Ọmọ náà ti ń ṣí i pẹ̀lú mi báyìí, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń pín owó sára ínṣì, ó sì ti ní owó díẹ̀ tó yà sọ́tọ̀. A ò tíì rà sí i.